Ìwé-Ẹ̀rí Wo Ló Ń Ṣí Ilẹ̀kùn Wo? Àlàyé lórí ND, NCE, HND, BSc àti àwọn oyè tó kù

Màmá elélùbọ́ kan wà ládùúgbò wa n'Íbàdàn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún méjì ní pólì, èsì rẹ̀ jáde, ó sì dára. Màmá ti pe àwọn ará ilé lábúlé pé ọmọ òun ti gboyè, pé ó ku oṣù díẹ̀ kó wọ kàkí àgùnbánirọ̀. Ó ti ń tọ́jú owó bàtà àti owó ọkọ̀. Nígbà tó wá bá mi pé kí n bá òun wo orí fóònù ìgbà tí wọn yóò pè é sí kámpù, mo ní kó jókòó, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. ND, ìwé-ẹ̀rí ọdún méjì àkọ́kọ́ ní pólì, lọmọ náà gbà. Ẹni tó gba ND kì í lọ ṣe àgùnbánirọ̀.

Inú rẹ̀ bàjẹ́, inú tèmi náà bàjẹ́. Ọdún méjì ló fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ láìsí ẹni tó sọ fún un ohun tó ń rà gan-an. Mo ti rí irú rẹ̀ lóríṣiríṣi: ọmọ tó pàdánù 2:1, èsì tó tẹ̀lé First Class ní yunifásítì, nítorí wọ́n ní èsì ọdún àkọ́kọ́ kò já mọ́ nǹkan, bàbá tó rò pé LLB, digíìrì òfin, ti sọ ọmọ òun di lọ́yà, ẹni tó gba ìwé-ẹ̀rí wá láti Kútọnu tí ìjọba ilé kò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe tú ọ̀rọ̀ náà fún màmá yẹn ni mo fẹ́ tú u síbí.

Oríṣi ilé-ẹ̀kọ́ gíga mẹ́ta ló wà ní Nàìjíríà: yunifásítì, ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe tí gbogbo wa ń pè ní pólì, àti kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Láti ilé-ẹ̀kọ́ girama lèèyàn ti lè wọ èyíkéyìí nínú wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ dá wọn sílẹ̀ ló yàtọ̀: yunifásítì fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ìwádìí, pólì fún ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ tí à ń fọwọ́ ṣe, kọ́lẹ́ẹ̀jì fún iṣẹ́ tíṣà. Ọ̀gá tó ń yẹ̀ wọ́n wò náà yàtọ̀. NUC ló ń rí sí yunifásítì, NBTE ló ń rí sí pólì, NCCE ló ń rí sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ há orúkọ mẹ́ta yìí sórí. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fọwọ́ sí, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ lápapọ̀ nìkan. Yunifásítì kan lè ní ìfọwọ́sí fún ìmọ̀ ìṣirò owó kó má ní fún ìmọ̀ nọ́ọ̀sì, ọmọ tó bá sì lọ ka èyí tí kò ní ìfọwọ́sí ló máa jẹ ìyà rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wo ojú-ìwé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fojú ara yín rí orúkọ kọ́ọ̀sì náà níbẹ̀.

Ìtàn kékeré kan wà nídìí ètò yìí. Ní 1932 ni ìjọba amúnisìn dá Yaba Higher College sílẹ̀. Ẹni tó bá kàwé jáde níbẹ̀ kì í gba digíìrì. Diplómà ni wọ́n ń fún un, ipò igbákejì lábẹ́ òyìnbó ló sì ń bá nídìí iṣẹ́ ìjọba. Èyí bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó nínú débi pé ó wà lára ohun tó mú kí wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní 1934. Nígbà tí University College ṣí n'Íbàdàn ní 1948, digíìrì Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbà, títí di 1962 tí Ìbàdàn dá dúró gẹ́gẹ́ bíi yunifásítì. Nsukka ti ṣí ní 1960. Ní 1962 kan náà ni Ifẹ̀, Èkó àti Zaria bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ìjà "diplómà tàbí digíìrì" tó ń dun àwọn ọmọ pólì lónìí ti dàgbà ju pólì fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹnubodè

Ẹni tó bá fẹ́ wọ yunifásítì ní láti ní kírẹ́díìtì 5 nínú èsì WAEC tàbí NECO, nínú àwọn iṣẹ́ tó bá kọ́ọ̀sì rẹ̀ mu, láàárín ìjókòó 2 péré. Ìyẹn nìkan kò tó. JAMB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1978, ló ń ṣọ́ ẹnubodè. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò rẹ̀ báyìí. Iṣẹ́ 4 ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan nínú wọn. Máàkì 100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 400.

Ibi tí àwọn òbí ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé máàkì gíga ni ìwọlé. Ọmọ lè gba 270 kó má rí kọ́ọ̀sì tó ń wá, torí pé iṣẹ́ mẹ́rin tó yàn kò bá kọ́ọ̀sì náà mu. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ìṣègùn tó wá lọ yan ìmọ̀ ọrọ̀ ajé dípò físíìsì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ kó tó jókòó ìdánwò. Lẹ́yìn JAMB, ọ̀pọ̀ yunifásítì tún máa ń ṣe àyẹ̀wò tiwọn, tí a mọ̀ sí post-UTME, wọ́n á sì da máàkì méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n bá wá fún ọmọ láàyè, orí ètò JAMB tó ń jẹ́ CAPS ló ti máa rí i, ibẹ̀ ló sì ti máa tẹ "Accept." Mo mọ ọmọ tí àyè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí kò tẹ̀ ẹ́. Ọdún kan péré sì ni èsì JAMB ń lò. Èsì ti èṣí kò ṣeé fi wọlé lọ́dún yìí.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí kò gba ibi ìdánwò yìí kọjá. Wọ́n ń pè é ní Direct Entry, DE. Fọ́ọ̀mù JAMB náà ni, ṣùgbọ́n kò sí ìdánwò JAMB níbẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí tí èèyàn ti gbà lẹ́yìn girama ni wọ́n ń wò: A-Level, IJMB tí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ń darí, JUPEB tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Yunifásítì Èkó, NCE tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń fúnni, ND tàbí HND tí pólì ń fúnni. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí kì í bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní. 200 level, ìyẹn ọdún kejì, ló sábà máa ń wọ̀. Ọ̀rọ̀ DE yìí ló máa padà yanjú ọ̀rọ̀ màmá elélùbọ́, ẹ fi sọ́kàn.

Pólì, níbi tí ìdààmú pọ̀ sí jù

Ìwé-ẹ̀rí méjì ni pólì ń fúnni, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. ND ni àkọ́kọ́, tí àwọn àgbàlagbà ṣì ń pè ní OND. Ọdún 2 ni. HND ni èkejì, ọdún 2 lòun náà. Àárín méjèèjì ni ìdáwọ́dúró kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀: ọmọ ní láti jáde lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan nílé-iṣẹ́ tó bá ohun tó kọ́ mu, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní IT. Kì í ṣe ìsinmi, kì í sì í ṣe pé wọ́n lé ọmọ yín kúrò nílé-ìwé. Lẹ́yìn ọdún náà, kò sí ohun tó ń gbé e wọ HND fúnra rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tuntun ni yóò rà, wọ́n lè gbà á, wọ́n sì lè má gbà á. Ó tilẹ̀ lè lọ ṣe HND ní pólì mìíràn. Mo ti rí ọmọ tó parí ND ní Ìlaròó tó lọ ṣe HND ní Yábàá.

Èsì ND ló ń pinnu. Orí òṣùwọ̀n 4.00 ni pólì ń lò: ẹni tó ní 3.50 sókè ní distinction, 3.00 sí 3.49 jẹ́ upper credit, 2.50 sí 2.99 jẹ́ lower credit, 2.00 sí 2.49 jẹ́ pass. Lower credit ni wọ́n sábà máa ń béèrè fún HND. Ẹni tó ní pass lè ní láti ṣiṣẹ́ ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó gbà á wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í sì í padà mọ́.

Bí a bá ṣírò rẹ̀, ọdún 2, ọdún 1, ọdún 2: ọdún 5 gbáko ni ọmọ pólì lò kó tó gba HND, bí kò bá sí ìyanṣẹ́lódì tó dá a dúró. Ọdún 4 ni ẹnìkejì rẹ̀ ní yunifásítì ń fi gba BSc. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, oní-BSc ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba ní ipele 08, tí oní-HND ń bẹ̀rẹ̀ ní 07, tí òkè àjà sì ń pàdé orí rẹ̀ ní ipele 14. Ó dùn mí láti kọ ọ́, torí mo mọ àwọn oní-HND tó mọ iṣẹ́ wọn dénú egungun. Wọ́n ti gbé àbá òfin lọ sílé aṣòfin láti fòpin sí ìyàtọ̀ yìí, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba kan sì ti ń yí i padà, ṣùgbọ́n òbí tó ń yan ọ̀nà fún ọmọ lónìí kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé kò sí.

Ohun tó yẹ kó yé wa ni pé àwọn tó dá pólì sílẹ̀ kò dá a fún ẹni tí yunifásítì kọ̀. Ẹ wo COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀. Oní-BEng, digíìrì ìmọ̀ ẹ̀rọ, ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ bí ẹnjiníà, oní-HND bíi technologist, oní-ND bíi technician. Bí ẹ bá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ afárá, ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ń sọ àwòrán di ohun tó ń dúró wà níbẹ̀, ẹni tó ń di ẹ̀rọ mú wà níbẹ̀. Ìlú tó ní ẹni àkọ́kọ́ nìkan kò ní rí afárá gùn. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé a sọ ipò mẹ́ta di ọlá mẹ́ta.

Ẹni tó ní HND tó wá fẹ́ ṣe oyè kejì ní yunifásítì kò ní bọ́ síbẹ̀ tààrà. PGD ló ń ṣe ní àárín, bí ọdún kan, kó tó lè ṣe Másítà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé PGD sọ HND di BSc. Afárá ni. Ẹni tó ní digíìrì nínú ìmọ̀ kan tó fẹ́ yà sí òmíràn náà ń gba orí rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí digíìrì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dára.

NCE kò gba àlàyé púpọ̀. Ọdún 3 ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun sì ni ìwé-ẹ̀rí tó kéré jù tí òfin ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa fọwọ́ sí fún ẹni tó fẹ́ ṣe tíṣà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni TRCN, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ tíṣà, máa ń forúkọ tíṣà sílẹ̀. Ẹni tó ní NCE kì í ṣe àgùnbánirọ̀, ṣùgbọ́n ó lè gba DE wọ 200 level láti lọ ka BEd tàbí BSc ẹ̀kọ́. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn ti ń fúnni ní digíìrì fúnra wọn báyìí, nítorí náà, ẹ bi wọ́n léèrè tààrà: ṣé NCE lọmọ mi ń ṣe ni àbí digíìrì? Géètì kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé, ìwé tí wọ́n ń gbà jáde yàtọ̀.

Yunifásítì

Àpapọ̀ ọdún tí digíìrì àkọ́kọ́ ń gbà wà lọ́wọ́ kọ́ọ̀sì. Èdè, ìtàn, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ọrọ̀ ajé jẹ́ ọdún 4. Ìmọ̀ ẹ̀rọ, òfin, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti nọ́ọ̀sì jẹ́ 5. Ìṣègùn òyìnbó àti ìṣègùn ẹran jẹ́ 6. Ẹni tó bá gba DE á yọ ọdún kan kúrò. Ọdún kìíní ni 100 level, ọdún kejì ni 200, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Bí ẹ bá gbọ́ "Part One" lẹ́nu ọmọ Ifẹ̀, ohun kan náà ló ń sọ.

Orúkọ digíìrì náà ń ru àwọn èèyàn lójú, àmọ́ ẹgbẹ́ ni gbogbo wọn. BA, BSc, BEd, BTech, LLB, BPharm: oyè àkọ́kọ́ ni, ẹ̀ka ìmọ̀ ló fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Oní-BA kò kéré sí oní-BSc. Ti dókítà ni MBBS n'Íbàdàn àti l'Ékòó, wọ́n ń pè é ní MBChB ní Ifẹ̀, ìwé-ẹ̀rí kan náà ni.

Báyìí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí CGPA, ìṣirò tó ń da gbogbo èsì ọmọ pọ̀, torí ibẹ̀ ni ọmọ ti ń sọ ọjọ́ iwájú nù láìmọ̀. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní unit. A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, D jẹ́ 2. Bí ọmọ bá gba A nínú kọ́ọ̀sì oní-unit 3, 5 lọ́nà 3, ó ní 15. Bó bá gba C nínú kọ́ọ̀sì oní-unit 2, 3 lọ́nà 2, ó ní 6. Ẹ ro wọ́n pọ̀, 21. Ẹ pín in sí unit 5, ó jẹ́ 4.20. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ ìkẹyìn, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú agbada kan. 4.50 sókè ni First Class, 3.50 sí 4.49 ni 2:1, 2.40 sí 3.49 ni 2:2, 1.50 sí 2.39 ni Third Class.

Ẹni tó sọ fún ọmọ pé kó máa sinmi ní 100 level, pé tó bá dé 300 ló máa bẹ̀rẹ̀ ìwé, ti ṣe é ní ibi. Ẹni tó jáde ní 100 level pẹ̀lú 2.50 ní láti máa gba bíi 3.83 ní ọdún mẹ́ta tó kù, láìdẹwọ́, kó tó lè fi 3.50 kádìí. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4.50 lè rẹ̀ díẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá le, kó sì tún jáde dáadáa. Ẹ wo ìwé ìpolówó iṣẹ́ àti ti ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ òkè òkun: 2:1 ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè. Àárín 3.49 àti 3.50 kò ju kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lọ nígbà mìíràn. Àwọn oníṣègùn ni ọ̀rọ̀ yìí kò kàn tó bẹ́ẹ̀. MBBS kì í ní class. Ẹni tó bá yege ti yege nìyẹn.

Kọ́ọ̀sì tí ọmọ bá feélì ni carry-over, ó gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Bí gbèsè bẹ́ẹ̀ bá kù títí ó fi kọjá ọdún ìkẹyìn, ó di spill-over, ìyẹn ọdún kún ọdún. Ẹ má fi ìbínú gbá ọmọ tó bá sọ òótọ́ yìí fún yín. Ẹni tí wọ́n lù nígbà tó jẹ́wọ́ carry-over kan ni kò ní jẹ́wọ́ mẹ́ta.

Digíìrì kì í sì í ṣe òpin fún àwọn iṣẹ́ kan. LLB kò sọni di lọ́yà. Ọmọ ní láti lọ sí Nigerian Law School, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962 tí olú-ibùdó rẹ̀ sì wà ní Bwari l'Ábùjá, kó yege níbẹ̀, kí wọ́n tó pè é wọ ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò. Dókítà náà ń ṣe housemanship fún ọdún kan nílé ìwòsàn kó tó gba ìwé àṣẹ tó kún. Ẹ fi owó àti ọdún wọ̀nyí kún ìṣirò yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kàkí

NYSC, ètò àgùnbánirọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún, ọdún 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, kí ọmọ ìhà kan lè lọ gbé láàárín ọmọ ìhà kejì. Àwọn tó ní digíìrì àkọ́kọ́ àti àwọn tó ní HND ló ń lọ. Bí ẹnì kan bá ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ́jọ́ tó kàwé jáde, kò ní lọ. Ìwé ìdásílẹ̀ ni wọ́n máa fún un. Ọjọ́ tó kàwé jáde ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tó wọlé. Ẹni tó ṣe pápá-táìmù náà kì í lọ, ìwé tirẹ̀ ni wọ́n ń pè ní letter of exclusion. Ó ṣe pàtàkì kí ìwé-ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ tàbí ọ̀kan nínú ìwé méjì yìí wà lọ́wọ́ rẹ, torí iṣẹ́ ìjọba àti ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ aládàáni máa béèrè rẹ̀. Kò sí ẹ̀tẹ́ nínú ìwé ìdásílẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó gboyè lẹ́ni ọdún 38 kò sá fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀mọ̀wé, Dókítà, Ọ̀jọ̀gbọ́n

Lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ni Másítà: MA, MSc, MEd, LLM, MBA. Ọdún kan sí méjì ni lórí ìwé, ó sì ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni MPhil, tí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń gba ibẹ̀, àti PhD, tó jẹ́ pé ìwádìí tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe ni èèyàn gbọ́dọ̀ kọ, kó sì dúró níwájú àwọn àgbà láti gbèjà rẹ̀. Ìdí tí MPhil fi wà ni pé èsì Másítà àwọn mìíràn kò ga tó èyí tí wọ́n lè fi bọ́ sí PhD tààrà. Ẹ béèrè iye tí yunifásítì yín fẹ́ kí ẹ tó parí Másítà, torí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.

Níbí, èdè wa la ọ̀rọ̀ yé ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. "Doctor" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ àti ẹni tó ní PhD nínú ìtàn. Àwa ní Dókítà fún ti àkọ́kọ́, a sì ní Ọ̀mọ̀wé fún èkejì. Akéde orí rédíò tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣì wọ́n pè. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní tirẹ̀ kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí rárá. Kò sí kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń kà láti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ipò iṣẹ́ ni, bí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ṣe jẹ́ ipò. Olùkọ́ yunifásítì á ti jẹ́ Lecturer II, á jẹ́ Lecturer I, á jẹ́ Senior Lecturer, á dé Reader, kí wọ́n tó fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí iṣẹ́ ìwádìí tó ti kọ síta. Ọ̀pọ̀ Ọ̀mọ̀wé ni kò ní di Ọ̀jọ̀gbọ́n láéláé, tí kò sì dín iyì wọn kù.

Oyè ìdánilọ́lá tí yunifásítì fi ń yẹ́ olówó tàbí olóṣèlú sí, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹni tó gbà á kò kàwé fún un, NUC sì ti sọ pé kò yẹ kó máa fi "Dr" síwájú orúkọ rẹ̀. Ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún òfin yẹn, torí ẹni tó fi ọdún mẹ́fà jókòó ti PhD lóru pẹ̀lú àtùpà mọ ohun tí oyè náà ná òun.

Bí ìwé bá rékọjá ibodè

Ní Benin tó múlé gbè wá, ètò tí wọ́n jogún lọ́wọ́ Faransé ni wọ́n ń lò. Licence jẹ́ ọdún 3 lẹ́yìn bac, ìyẹn ìdánwò àṣejáde girama tiwọn, Master jẹ́ ọdún 2 lórí rẹ̀, Doctorat jẹ́ ọdún 3 mìíràn. Àwọn èèyàn wa ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ ń fi Licence wọn ṣiṣẹ́ gidi, Yunifásítì Abomey-Calavi sì jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá. Àwọn ilé ìwé tó ń ta ìwé-ẹ̀rí fún ọmọ Nàìjíríà ló ba orúkọ jẹ́. Ní ìparí 2023, ìròyìn jáde pé oníròyìn kan gba digíìrì níbẹ̀ láàárín oṣù méjì tí kò pé. Ní oṣù Kìíní 2024 ni ìjọba àpapọ̀ dá gbígba ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Àwọn tó fi òógùn ojú kàwé níbẹ̀ bá wọn fara gbá a. Mo bá wọn kẹ́dùn tọkàntọkàn.

Àwọn tó ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń bi mí pé kí ló dé tí ọmọ tibẹ̀ ń fi ọdún 3 gba digíìrì tí tiwa ń lo 4. Ọdún méjì A-Level ti wà lẹ́yìn rẹ̀ kó tó wọlé. 100 level tiwa ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí ẹni tó ní A-Level tàbí JUPEB bẹ̀rẹ̀ láti 200 nílé níbí. Bí a bá sì fẹ́ lọ sókè òkun, transcript ni wọ́n máa béèrè, ìwé tó to gbogbo máàkì yín láti ọdún kìíní. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń fi í ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ tètè béèrè fún un, ó lè gba oṣù.

Mo padà sọ́dọ̀ màmá elélùbọ́. Mo mú bírò, mo kọ ọ̀nà méjì sẹ́yìn ìwé kan. Ọ̀nà kìíní: IT ọdún 1, HND ọdún 2, kàkí. Ọ̀nà kejì: fọ́ọ̀mù DE, 200 level sí 400 level nínú kọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́rin, kàkí. Ọdún 3 ni méjèèjì. Ọmọ náà ní upper credit, èyí tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè lọ́wọ́ oní-ND, nítorí náà, ilẹ̀kùn méjèèjì ló ṣí sílẹ̀ fún un. Màmá wo ìwé náà títí. Ó bi mí pé èwo lówó rẹ̀ kò ní pọ̀ jù. Mo ní ọdún IT, ọmọ á máa rí owó díẹ̀ gbà, bí iléeṣẹ́ bá dáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ipele 14 wà níwájú. Ó ní kí n pe ọmọ náà wá kí ó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Ọmọ náà wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ó ti mọ̀ nípa DE tẹ́lẹ̀, ó ní ẹ̀rù ló ń ba òun láti sọ fún màmá pé kàkí kò tíì yá. Wọ́n jọ ra fọ́ọ̀mù náà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Màmá sì ti tún pe abúlé.